Ṣé ẹ̀yà nìkan ni ìbò wa ń tẹ̀lé ní Nàìjíríà? Ẹ bá mi wo àwọn nọ́ńbà yìí

1. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ẹnìkan ló fi máàpù ìbò ààrẹ ọdún 2023 ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí wa lórí WhatsApp. Àwọ̀ mẹ́rin ló wà lára máàpù náà. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Yorùbá dìbò fún Yorùbá, Ìgbò fún Ìgbò, Hausa fún Hausa, pé kò sóhun tó ń jẹ́ Nàìjíríà mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní òótọ́ ni. Ọkàn mi ò gbà á, àmọ́ mi ò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀, ni mo bá jókòó ti èsì tí INEC kéde.

Tinúbú ní 8,794,726, Atiku ní 6,984,520, Obi ní 6,101,533, Kwankwaso ní 1,496,687. Tinúbú mú ìpínlẹ̀ 12, Atiku mú 12, Obi mú 11 pẹ̀lú Àbújá, Kwankwaso mú Kánò. Títí dé ibí yìí, máàpù ò parọ́.

Ẹ wá bá mi ka ìbò Tinúbú ní ẹkùn méjì péré. Nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,279,407. Nínú ìpínlẹ̀ méje ti Àríwá Ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn Kánò, Kàdúná, Katsina, Jigawa, Zamfara, Sókótó àti Kebbi, ó jẹ́ 2,652,235. Mo ṣe ìṣirò yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dá mi lójú. Ẹni tí wọ́n ní àwa ọmọ ilé la gbé e wọlé, ohun tó kó ní òkè Ọya ju ohun tó kó nílé lọ.

Ó tún ku nǹkan. Èkó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀ṣun náà bọ́: Atiku 354,366, òun 343,945. Katsina, ìpínlẹ̀ Buhari tó wà lórí àlééfà nígbà náà lábẹ́ ẹgbẹ́ onígbàálẹ̀ (APC) kan náà, Atiku ló gbà á. Tó bá jẹ́ ẹ̀yà nìkan ni, báwo la ṣe máa ṣàlàyé èyí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó mọ̀ jù mí lọ, ẹ dá sí i.

2. Àdùkẹ́ Èkó

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi ìṣirò bo egbò mọ́lẹ̀.

Èkó ni mò ń gbé. Ọjọ́ 25, oṣù kejì, Obi fi 582,454 ṣíwájú Tinúbú tó ní 572,606. Ìbò 9,848 ló wà láàárín wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọjọ́ 18, oṣù kẹta, ìbò gómìnà dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ rí ládùúgbò wa ni mo ń gbọ́. Gbadebo Rhodes-Vivour tó díje fún Labour, ẹgbẹ́ Obi nígbà náà, bàbá rẹ̀ Yorùbá, ìyá rẹ̀ Ìgbò. Ìran ìyá rẹ̀ làwọn èèyàn ń jà lé lórí ju ohun tó lóun fẹ́ ṣe lọ.

Aládùúgbò mi kan wà, ọmọ Ìgbò, tó ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa kí n tó bí àkọ́bí mi. Ó mú káàdì rẹ̀ dání láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ kan dúró sí ẹnu ọ̀nà ibùdó ìdìbò, wọ́n bi í lórúkọ, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó yí padà. Kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Èmi wọlé, mo dìbò tèmi, mi ò sì sọ nǹkan kan. Ó ń dùn mí títí di òní.

Sanwó-Olú ní 762,134 lọ́jọ́ náà, Rhodes-Vivour ní 312,329. Ẹ sọ fún mi pé ẹ̀yà ò sí nínú ẹ̀. Ní Anambra ńkọ́, níbi tí Obi ti mú 584,621, tí kò ṣẹ́ ku ohun tó pọ̀ fún ẹlòmíì? Kí la ó pe ìyẹn?

3. Olùkọ́ Ìtàn

Àdùkẹ́, pẹ̀lẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe fún aládùúgbò rẹ ò dára, kò sì sí nọ́ńbà tó lè wẹ̀ ẹ́ nù.

Mi ò ní sọ pé ẹ̀yà ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹ̀yà èèyàn kì í yí padà láàárín ọdún mẹ́rin, ìbò sì ń yí padà láàárín ọdún mẹ́rin. Ohun tó ń yí i padà ló yẹ ká wá rí.

Ẹ wo Buhari láàárín wa níbí. Ní 2011 ó díje lábẹ́ ẹgbẹ́ CPC. Èkìtì fún un ní 2,689. Ọ̀ṣun fún un ní 6,997. Ọ̀yọ́ 92,396. Tí a bá da ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, 321,609 ni. Ní 2015, ọkùnrin yìí kan náà, ẹ̀sìn rẹ̀ ò yí, èdè rẹ̀ ò yí, kò sì tíì sẹ́ni tó gbàgbé pé ológun ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀ṣun fún un ní 383,603. Ọ̀yọ́ fún un ní 528,620. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lápapọ̀ fún un ní 2,433,193.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin yẹn? Ní 2013, ACN, CPC, ANPP àti àwọn kan lára APGA para pọ̀ di APC. Níbí, ACN ní gómìnà, ó ní alága káńsù, ó ní ẹni tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ó ní ìyálọ́jà. Nígbà tí àwọn wọ̀nyẹn bá kan ilẹ̀kùn rẹ, ẹni tó o mọ̀ ló kàn án. Ní 2011 kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn fún CPC ní Ìkìrun tàbí Ṣakí. Wọ́n tún fi Ọ̀ṣínbàjò ṣe igbákejì rẹ̀. Àdéhùn ló gbé ìbò yẹn wá. Èkìtì nìkan ni kò bá wọn lọ, Jonathan ló mú ibẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ibi tí olórí ẹgbẹ́ bá ní ká lọ náà la máa ń lọ. Ní 2011 yìí, Ribadu ni ACN gbé kalẹ̀. Ọ̀ṣun nìkan ló mú. Ìpínlẹ̀ márùn-ún tó kù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dìbò fún Jonathan, ọmọ Ìjọ̀ láti Bayelsa. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, Ọ̀yọ́ àti Ògùn yí padà, wọ́n yan gómìnà láti inú ACN. Ọ̀yọ́ tún ṣe irú ẹ̀ ní 2023: oṣù kejì, Tinúbú 449,884, Atiku 182,977, oṣù kẹta, Mákindé ti ẹgbẹ́ alábùradà (PDP), ẹgbẹ́ Atiku nígbà náà, wọlé padà pẹ̀lú 563,756. Olùdìbò kan náà, yúnìtì kan náà. Àwọn yìí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Mo fẹ́ kí ẹ rántí 1999 pẹ̀lú. Ọbásanjọ́ àti Fálaè, ọmọ Yorùbá làwọn méjèèjì. Ọbásanjọ́ borí ní orílẹ̀-èdè, 18,738,154 sí 11,110,287, síbẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níbí ló kọ̀ ọ́, títí kan Ògùn tó ti wá. Ọ̀pọ̀ níbí rò nígbà náà pé òkè Ọya ló rán an wá. Ìbínú lórí June 12 ṣì gbóná lára àwọn èèyàn.

4. Bàbá Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni ọdún 81 ni mí, ọmọbìnrin mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìgbà kan wà tí Yorùbá jẹ́ ọ̀kan nínú òṣèlú. Mi ò bá ìgbà náà láyé. Nílé wa ní Iléṣà, Alákùkọ ni bàbá mi, ìyẹn ẹgbẹ́ NCNC tí Azikiwe ń darí. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, Ọlọ́pẹ ni, ìyẹn Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀. Tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, wọn kì í jọ jẹun. Bí ìbò bá ti kọjá tán, ìyá wọn á pè wọ́n, wọ́n á tún jọ jókòó.

Ìbàdàn tẹ̀lé Adégòkè Adélabù wọ inú NCNC. Ṣé wọ́n di Ìgbò ni? Owó orí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àti bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe ń ra ilẹ̀ tí wọ́n sì ń lágbára nínú ìlú, ohun tó ń bí wọn nínú nìyẹn. Awólọ́wọ̀ sì jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ní Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ. Ní ìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, ní gbogbo ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn, NCNC ló ní àga jù: 23, Action Group 18. Ní 1959, nínú àga 62 tó wà fún Ìwọ̀-oòrùn, Ọlọ́pẹ mú 33, NCNC mú 21. Ẹ gbọ́ èyí o: nínú àga 73 tí Action Group ní lọ́dún yẹn, 25 ti Àríwá wá, 14 ti Ìlà-oòrùn wá. Àwọn Tiv àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó ń bẹ̀rù àwọn ẹ̀yà ńlá níbẹ̀ ló tẹ̀lé e.

Ti 1965 ló burú jù. Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ ti Akíntọ́lá ní òun wọlé, àwọn èèyàn ní irọ́ ni. Wẹ́tìẹ bẹ̀rẹ̀. Bẹntiróòlù ni wọ́n ń dà sórí ilé àti sára èèyàn. Èmi rí ilé méjì tó jó lójú títì wa. Kò sí Hausa tàbí Ìgbò kankan níbẹ̀. Àwa la ṣe é fún ara wa.

5. Ará Ìlọrin

Ẹ kú àgbà, bàbá. Ọ̀rọ̀ kékeré ni tèmi.

Gbogbo yín ń ka ìpínlẹ̀ mẹ́fà, ẹ sì ń pè é ní ilẹ̀ Yorùbá. Kwara ńkọ́? Àwọn Okun ní Kogi ńkọ́? Yorùbá là ń sọ nílé wa, àmọ́ Àríwá Àárín-gbùngbùn ni wọ́n kọ wá mọ́. Ẹkùn mẹ́fà tí gbogbo ayé ń fi ka ìbò yìí, kò sí nínú ìwé òfin 1999. Ètò òṣèlú ló dá a sílẹ̀, a wá sọ ọ́ di ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tí a pariwo "Ó tó gẹ́" ní 2019, tí a gbá agbo òṣèlú tó ti ń darí Kwara láti ọjọ́ pípẹ́ kúrò, kì í ṣe Yorùbá ló ń bá Fúlàní jà, kì í sì í ṣe Àríwá ló ń bá Gúúsù jà. Owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì àti ọ̀nà tí kò dára ló wà lẹ́nu àwọn èèyàn. Bàrúbá, Nupe, Yorùbá, gbogbo wa la jọ tò sórí ìlà.

6. Oníṣirò

Mo ti ń ka ìwé yín láti àárọ̀. Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mú wá, òun ló sì tóbi jù lójú tèmi.

Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò 2023 jẹ́ 93,469,008. Káàdì tí wọ́n gbà jẹ́ 87,209,007. Àwọn tí wọ́n ṣàyẹ̀wò káàdì wọn ní ibùdó ìdìbò lọ́jọ́ náà jẹ́ 25,286,616. Ẹ pín in: 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2011, ó lé ní 53. Ní 2015, bíi 44. Ní 2019, bíi 35. Ní gbogbo ìbò, ó ń lọ sílẹ̀.

Ẹ wá padà sórí máàpù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹbí Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn ní 17,958,966 tó forúkọ sílẹ̀. Tinúbú ní 2,279,407 níbẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò, kò pé mẹ́tàlá. Gúúsù Ìlà-oòrùn ní 10,907,606. Obi ní 1,952,998 nínú ìpínlẹ̀ márùn-ún wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún, kò pé méjìdínlógún. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè ní ibi tí wọ́n ti dìbò bí ẹni kan ṣoṣo. Anambra tí Àdùkẹ́ sọ, òótọ́ ni pé àwọn tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ẹlòmíì yàtọ̀ sí Obi. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò jáde pọ̀ ju àwọn tó jáde lọ fíìfíì.

Èkó fúnra rẹ̀: àwọn tó forúkọ sílẹ̀ 7,060,195. Ẹ da ìbò Tinúbú àti ti Obi pọ̀, 1,155,060. Mílíọ̀nù mẹ́fà ó dín díẹ̀ wà tí kò dìbò fún èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì, àwa sì ń bá ara wa jà lórí 9,848.

Mo mọ̀ pé orúkọ àwọn tó ti kú àti àwọn tó ti rìnrìn àjò lọ òkè òkun wà nínú ìwé náà, nítorí náà nọ́ńbà yìí ò pé pérépéré. Síbẹ̀, ẹ yọ bí ẹ bá ṣe fẹ́ yọ, ìdáhùn ò ní yí padà. Ẹni tó bá fi àwọ̀ kan kun ìpínlẹ̀ kan, àwọn díẹ̀ ló fi kùn ún.

7. Ìyá Ìbejì

Mo wà lára àwọn tí kò jáde yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Abẹ́òkúta ni mo ti forúkọ sílẹ̀ kí n tó kó wá sí Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ mi. Òfin ní ibi tí orúkọ rẹ bá wà nìkan lo ti lè dìbò. Mo gbìyànjú láti gbé e wá, mo lọ lẹ́ẹ̀mejì, èrò pọ̀, àwọn ọmọ wà lẹ́yìn àti lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ìbò, ọkọ̀ ò rìn. Owó náìrà tuntun ò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lóṣù yẹn, ẹ rántí. Mi ò bínú sí ẹ̀yà kankan, mi ò sì sùn. Mi ò lè débẹ̀ ni.

8. Àdùkẹ́ Èkó

Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ ọ.

Oníṣirò, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tó bá jẹ́ pé àwọn tó jáde kéré tó báyìí, ṣé kì í ṣe ìdí tí ẹ̀yà fi lágbára nìyẹn? Tí èèyàn bá pọ̀ níta, kò sẹ́ni tó máa lè dúró sí ẹnu ọ̀nà kó máa béèrè orúkọ.

9. Oníṣirò

Ìdáhùn tó dára jù tí mo tíì kà níbí nìyẹn. Nígbà tí 27 péré nínú ọgọ́rùn-ún bá jáde, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yà dẹ́rù bà, tí wọ́n jókòó sílé, lè yí ìpínlẹ̀ kan padà. Èkó fi hàn wá: 9,848. Àwọn olóṣèlú mọ ìṣirò yìí dáadáa. Kò náwó lórí wọn láti mú kí àwọn kan bẹ̀rù. Ó náwó púpọ̀ láti mú kí gbogbo èèyàn jáde.

10. Agbẹjọ́rò

Mo fẹ́ fi òfin díẹ̀ sí i. Àwọn tó kọ ìwé òfin wa mọ àrùn yìí. Abala 134 ní ẹni tó bá fẹ́ di ààrẹ, ìbò tó pọ̀ jù nìkan ò tó, ó gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Abala 222 kò gbà kí ẹgbẹ́ òṣèlú jẹ́ orúkọ ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn, tàbí orúkọ tó dà bíi pé apá kan orílẹ̀-èdè nìkan ló wà fún, olú iléeṣẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà ní Àbújá. Irú NPC (Northern People's Congress) ayé ìjọ́un, tó jẹ́ pé Àríwá wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an, kò lè forúkọ sílẹ̀ lónìí.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo olùdíje fi ń wá ọ̀rẹ́ lọ sí ẹkùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Tinúbú ò lè fi ilé nìkan wọlé, kódà kí gbogbo ilé dìbò fún un. Awólọ́wọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní 1979: ó ní 4,916,651, Shagari ní 5,688,857, ẹjọ́ wá dórí kí ni ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ìpínlẹ̀ 12 pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìkẹtàlá ni, Shagari sì wọlé. Ẹ wo Abíọ́lá ní 1993: ó borí Tofa ní Kánò, ìlú Tofa fúnra rẹ̀, 169,619 sí 154,809. Òun àti Kingibe, Mùsùlùmí méjì, síbẹ̀ àwọn Kristẹni dìbò fún wọn. Àwọn ológun ló fagi lé e, kì í ṣe àwọn olùdìbò.

11. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti kó mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ yín lọ sí gúrúùpù ẹbí: ìbò Buhari ní 2011 àti 2015, ìbò Tinúbú ní Àríwá Ìwọ̀-oòrùn, àti 27 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé òun fúnra òun ò dìbò ní 2023, òun ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ̀gbọ́n kejì ní òun ò ṣì gbà, pé tó bá di ìbò tó ń bọ̀ a ó tún rí àwọ̀ kan náà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ní kí wọ́n fi àwòrán èsì ìbò wọ́ọ̀dù wa ránṣẹ́, ká máa ti ibẹ̀ kà á.

12. Àdùkẹ́ Èkó

Bàbá Iléṣà, mo ka tiyín fún aládùúgbò mi lálẹ́ àná, èyí tí ìyá bàbá yín fi máa ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì padà sídìí oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní káàdì òun ṣì wà nínú àpótí. Mo ti sọ fún un pé lọ́jọ́ ìbò tó ń bọ̀, a jọ máa jáde nílé ni, èmi ni n ó sì ṣíwájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yẹn.